Lọ́yà tó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì: ìtàn Barbara Jordan àti ìlà ẹkùn ìdìbò

  Ìtàn òṣèlú ni mo gbé wá lónìí. Ìtàn lọ́yà kan ni, tó du àga ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, tí wọn ò dìbò yàn án. Ó tún padà lọ dù ú, wọn ò tún yàn án. Barbara Jordan lorúkọ rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti mọ orúkọ náà. Tí ẹ bá ti bá ọkọ̀ òfurufú dé ìlú Austin rí, orúkọ rẹ̀ ló wà lára ilé tí ẹ gbà kọjá. Àwọn mìíràn mọ̀ ọ́n nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ ní 1974, nígbà tí ìgbìmọ̀ kan nílé aṣòfin Amẹ́ríkà ń jókòó lórí ọ̀rọ̀ Ààrẹ Nixon. Ṣùgbọ́n kí ohùn yẹn tó dé Washington, Houston ti kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ní 1962 àti ní 1964. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ ká dúró sí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Wọ́n bí Barbara ní 1936 ní àdúgbò àwọn dúdú tí wọ́n ń pè ní Fifth Ward, ní Houston. Oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi ni bàbá rẹ̀, ó sì tún ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí. Ó lọ sí yunifásítì Texas Southern, ibẹ̀ ló ti di ògbóǹtagí nínú àríyànjiyàn. Nígbà tí àwọn ọmọ Harvard wá bá wọn díje, ọ̀mì ni wọ́n ta. Ó kàwé òfin ní Boston, ó parí ní 1959, ó sì padà sílé. Kò lówó láti gba ọ́fíìsì, orí tábìlì ìjẹun àwọn òbí rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́yà.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Baba-ńlá rẹ̀ níhà ọ̀dọ̀ ìyá, Edward Patton, ti jókòó nílé aṣòfin Texas rí, ní 1891. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni mo ń sọ. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, àwọn dúdú wọlé sílé aṣòfin Texas. Nígbà tó máa fi di 1900, kò ku ẹyọ kan. Ṣé wọn ò ní ọgbọ́n mọ́ ni? Rárá o. Òfin ni wọ́n tún fi ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn lẹ́yìn náà. Ní 1902, Texas ní kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dìbò san owó orí ìdìbò kó tó dé ibẹ̀. Owó náà kò tó dọ́là méjì, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí dọ́là méjì jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣa òwú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún ṣòfin pé aláwọ̀ funfun nìkan ló lè dìbò nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Democratic. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá ti borí nínú ìdìbò abẹ́lé yẹn ti wọlé tán, nítorí ẹgbẹ́ kejì kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ ní Texas. Dókítà eyín kan láti Houston, Lonnie Smith, ló gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ní 1944, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá a láre.

Torí náà, nígbà tí Barbara jáde ní 1962, ìlẹ̀kùn kan ti ṣí. Ó yá dọ́là 500 láti fi forúkọ sílẹ̀. Ó ń lọ káàkiri, ó ń sọ̀rọ̀, àwọn èèyàn sì ń pàtẹ́wọ́. Ó lé ní 40,000 èèyàn tó dìbò fún un. Willis Whatley, ọkùnrin aláwọ̀ funfun tí wọ́n jọ ń dù ú, ló wọlé. Ó tún jáde ní 1964, ó tún fìdí rẹmi.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn díẹ̀, ká wo ohun tó gbé e ṣubú.

Kaúńtì Harris, níbi tí Houston wà, ní ju mílíọ̀nù kan èèyàn lọ nígbà náà. Àwọn dúdú jẹ́ bí ìdá kan nínú márùn-ún. Wọn kò pín kaúńtì náà sí ẹkùn kéékèèké fún àga ilé aṣojú-ṣòfin. Gbogbo kaúńtì pátá ló ń dìbò lórí àga kọ̀ọ̀kan. Fifth Ward kò lè sọ pé aṣojú tàwa rèé. Àga tí Barbara ń dù, gbogbo àdúgbò aláwọ̀ funfun tó yí Houston ká ló ní ẹnu níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi oúnjẹ ṣàpèjúwe rẹ̀. Ká ní ọgọ́rùn-ún èèyàn wà nínú gbọ̀ngàn àríyá, kúlà oúnjẹ mẹ́wàá la sì fẹ́ gbé wá. Ọgọ́rin fẹ́ràn jọ̀lọ́ọ̀fù, ogún fẹ́ràn àmàlà. Tí gbogbo gbọ̀ngàn bá ń dìbò lórí kúlà kọ̀ọ̀kan, kúlà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni yóò jẹ́ jọ̀lọ́ọ̀fù. Kò sẹ́ni tó jí ìbò, kò sẹ́ni tó purọ́ iye. Síbẹ̀, ogún èèyàn yóò wo ẹnu lásán títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kí tábìlì kọ̀ọ̀kan yan tirẹ̀, tí àwọn alámàlà sì jókòó pọ̀, àmàlà yóò dé. Àwọn èèyàn kò yí padà o. Ìlà tí wọ́n fà yí wọn ká ló yí padà.

Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà tún burú ju ìyẹn lọ. Òfin Texas sọ pé kaúńtì kan kò gbọ́dọ̀ ní ju sẹ́nétọ̀ kan lọ, bó ti wù kí èrò ibẹ̀ pọ̀ tó. Sẹ́nétọ̀ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ni ti Harris.

Ní ọdún tí Barbara kọ́kọ́ jáde yẹn, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ nínú ẹjọ́ Baker àti Carr pé àwọn adájọ́ lè dá sí ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń pín ẹkùn ìdìbò. Ní oṣù kẹfà 1964, wọ́n tún sọ nínú ẹjọ́ Reynolds àti Sims pé ẹkùn ìdìbò sílé aṣòfin ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ jọra ní iye èèyàn, kí ìbò ẹnì kan má bàa wúwo ju ti ẹlòmíràn. Alabama ni ẹjọ́ yẹn ti wá, ṣùgbọ́n ó kan Texas náà. Ní 1965 wọ́n tún ìlà fà. Harris gba àga sẹ́nétọ̀ kún èyí tó ní. Nígbà tó sì di ìbẹ̀rẹ̀ 1966, ilé ẹjọ́ fagi lé owó orí ìdìbò ní Texas.

Barbara wo àwòrán ilẹ̀ tuntun náà. Ẹkùn kọkànlá wà níbẹ̀, Fifth Ward sì wà nínú rẹ̀. Àwọn dúdú, àwọn tó ń sọ èdè Spéènì, àti àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ funfun ló ń gbé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ti dìbò fún un rí! Ìbò 1962 àti 1964 tí àwọn èèyàn rò pé ó ṣòfò, ibẹ̀ ló wà. Àwọn èèyàn ti mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n ti mọ ohùn rẹ̀.

Charles Whitfield, aṣòfin aláwọ̀ funfun, ló jáde kojú rẹ̀. Ó pín ìwé ìléwọ́ kiri, ó ń béèrè bóyá aláwọ̀ funfun lè wọlé. Barbara dá a lóhùn pé rárá, kì í ṣe lọ́tẹ̀ yìí. Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ó fi ìbò tó pọ̀ gan-an nà án. Láti 1883, kò tíì sí dúdú kankan nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà Texas. Obìnrin dúdú kò sì débẹ̀ rí. Ní 1972 wọ́n dìbò yàn án sílé aṣòfin ní Washington. Ibẹ̀ ló ti jà ní 1975 kí òfin tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ ìdìbò lè kan Texas àti àwọn tó ń sọ èdè Spéènì. Ẹni tí ìlà burúkú ti gbé ṣubú kò gbàgbé ọ̀rọ̀ ìlà.

Kí ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ? Mo mọ̀ pé nínú yín, àwọn kan ń rò ó láti du ipò káńsẹ́lọ̀ tàbí ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Mo tún mọ ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ nílé: "Ta ló fẹ́ dìbò fún orúkọ tí wọn ò lè pè? Jókòó ti ìwé rẹ." Ẹ má bá wọn jà, ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ìjákulẹ̀ nìkan kò tó láti dá ẹnì kan lẹ́jọ́ pé kò kún ojú òṣùwọ̀n. Nígbà mìíràn, ẹni náà ni kò múra. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, orí ìwé ni wọ́n ti ṣẹ́gun rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ kan.

Barbara nìkan kọ́ ló ṣe é o. Àwọn mìíràn ló gbé ẹjọ́ lọ. Àwọn mìíràn ló lọ láti ilé dé ilé. Ohun tí òun ṣe ni pé kò kúrò ní Texas, ilẹ̀kùn sì bá a níbi tó dúró sí.

Ní Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n máa ń ka èèyàn, iye yẹn ni wọ́n fi ń fa ìlà. Fọ́ọ̀mù ìkànìyàn tí ẹ jù sórí fìríìjì, tí ẹ ò kọ nǹkan kan sí, òun ni wọ́n fi ń pín tábìlì. Bí ẹ̀yin fúnra yín ò bá jẹ́ kí wọ́n ka ilé yín, wọ́n lè má kà á dáadáa. Tí wọ́n bá sì pè ìpàdé láti fa ìlà, ẹ lọ jókòó síbẹ̀. Àwọn alámàlà tí kò lọ, jọ̀lọ́ọ̀fù ni wọ́n máa jẹ.