"Sorry" Kì í Ṣe Ẹ̀bi

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ mi o. Bí èèyàn bá fẹsẹ̀ kọ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, gbogbo wa la ó pariwo pé "Sorry o!" Bí Òyìnbó bá wà níbẹ̀, ó lè bi wá pé kí ló dé, ṣé àwa la tì í ni? Olùkọ́ kan tiẹ̀ fi bírò pupa fagi lé irú "sorry" bẹ́ẹ̀ nínú ìwé mi, ó ní ẹni tó jẹ̀bi ló ń sọ ọ́. Ni mo bá wá ìtàn ọ̀rọ̀ náà lọ.

Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, kí ọdún 1100 tó dé, "sārig" ni wọ́n ń pè é. Inú "sār" ló ti jáde, ìyẹn ìrora. Òun náà ló bí "sore" tí wọ́n ń pe egbò lónìí. Òun àti "sorrow" ò tan rárá, ìró wọn ló kàn jọra. Ẹni tí nǹkan ń dùn ni "sārig". Kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó ń fi tọrọ àforíjì. Títí dòní, Òyìnbó ń sọ "I'm sorry for your loss" fún ọlọ́fọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bi í bóyá òun ló pa òkú.

"Disappoint" náà ní ìtàn tiẹ̀. Láti èdè Faransé ló ti wọ Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1400 sí 1500. Ìtumọ̀ rẹ̀ nígbà náà ni kí wọ́n yọ èèyàn nípò tí wọ́n fi í sí. Ẹ̀yìn ìyẹn ló di kí ìrètí èèyàn já. Nígbà tá a bá ní télọ̀ "disappoint" wa lọ́jọ́ Kérésì, a ò ṣìnà: àdéhùn ló yẹ̀.

Báwo wá ni "sorry" ṣe di pẹ̀lẹ́ lẹ́nu wa? Àwọn míṣọ́nnárì dé Àgbádárìgì ní 1842, wọ́n fìdí kalẹ̀ sí Abẹ́òkúta ní 1846. Òfin ẹ̀kọ́ tó kan Èkó ní 1882 ka kíka àti kíkọ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, pẹ̀lú ìṣirò, àti iṣẹ́ abẹ́rẹ́ fún àwọn ọmọbìnrin. Kíkí ẹni tó ṣubú kò sí níbẹ̀. Lójú tèmi, ilé la ti gbé ìyẹn wá. Àwa tá a ní "ẹ kú ewu", tá a ní "ẹ kú ìrójú", ṣé a ó wá dákẹ́ torí pé Gẹ̀ẹ́sì là ń sọ? A wá pẹ̀lẹ́ nínú èdè wọn, a ò rí i, a bá rọ ọ́ sínú "sorry".

Àmọ́ nǹkan kan ń dùn mí. Yorùbá ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀: "pẹ̀lẹ́" fún ẹni tí nǹkan ń dùn, "má bínú" fún ẹni tá a ṣẹ̀. "Sorry" kó méjèèjì pọ̀, àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ sì ń sá sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó sọ nóòtì rẹ nù nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la á ní "sorry o", á bá tiẹ̀ lọ. Ṣé ó bẹ̀ ọ́ ni, àbí ó kàn kí ọ kú ewu?

Nítorí náà, bí mo bá fẹsẹ̀ kọ, ẹ sáà kí mi ní "sorry", mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣẹ̀ mí, ẹ jọ̀ọ́, Yorùbá ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀ mí.