Alárinà Iṣẹ́-Jíjẹ́ àti Ìdánwò Rẹ̀: Àpẹẹrẹ láti Monrovia

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe náà gbà pé ìránṣẹ́ ní làákàyè, ó sì lè tún ọ̀rọ̀ ṣe kí ó tó jíṣẹ́. Ìránṣẹ́ tí àròkọ yìí dá lé kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà alárinà ni: ó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ kan, ó ń tọ́jú rẹ̀, ó sì ń jẹ́ ẹ fún òmíràn.

Ní ọjọ́ 30, oṣù kẹta, ọdún 2014, àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn Ebola ti wọ Làìbéríà. Ó pa èèyàn tí ó lé ní 4,800 níbẹ̀; àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí ó lé ní 180 wà lára wọn. Ilé-iṣẹ́ ìjọba fún ìlera ní Monrovia ní àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́ nínú ètò iHRIS. RapidPro ti UNICEF lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù. Ṣùgbọ́n àwọn ètò méjèèjì kò gbọ́ èdè ara wọn. Lọ́dún kan náà ni IntraHealth àti UNICEF dá mHero sílẹ̀ láti jẹ́ alárinà wọn. Ìlànà àjọ IHE ni wọ́n tẹ̀lé, àjọ tí ó ti ń kó àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ jọ láti ọdún 1999 láti dán an wò bóyá ètò tí lágbájá kọ lè bá ti làkáṣègbè sọ̀rọ̀.

Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ tọ́ sí àwọn alárinà ńlá tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń yá lò lórí ayélujára pẹ̀lú. Ní ọdún 2003, John O'Hara ti báńkì JPMorgan Chase bẹ̀rẹ̀ ìlànà AMQP, kí oníbàárà má baà há sọ́wọ́ olùtajà kan ṣoṣo. Àjọ OASIS fọwọ́ sí i ní 2012. Ní 2014 ó di ìlànà àgbáyé, ISO/IEC 19464.

Ohun tí ó kan onímọ̀ èdè ni pé ọ̀rọ̀ aṣèrànwọ́-ìṣe ni òpó irú ìlànà wọ̀nyí. Àkọsílẹ̀ RFC 2119 ti Scott Bradner, ní 1997, ya "gbọ́dọ̀", "yẹ kí" àti "lè" sọ́tọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Olùkọ̀wé ìdánwò a máa wá "gbọ́dọ̀" kọ̀ọ̀kan, a sì sọ ọ́ di ìbéèrè. Ẹ̀rọ a rán iṣẹ́, a já okùn kí olùgbà tó jẹ́wọ́ rẹ̀, a sì wò ó bóyá alárinà yóò tún iṣẹ́ náà jẹ́. A tún fi ọ̀rọ̀ tí kò bá ìlànà mu ránṣẹ́, láti mọ̀ bóyá yóò kọ̀ ọ́. Nígbàkúùgbà tí a bá tún alárinà náà ṣe, ìdánwò a tún bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó kùnà "gbọ́dọ̀" ti kùnà. Ẹni tí ó kùnà "yẹ kí" lè ní àwáwí.

Síbẹ̀, alárinà lè yege kí iṣẹ́ má dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó nílò rẹ̀, bí nọ́ńbà fóònù inú àkọsílẹ̀ bá ti yí padà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi lo mHero ní Làìbéríà láti bi àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn bóyá àkọsílẹ̀ wọn tọ̀nà. Ìlànà ń ṣọ́ ọ̀nà. Èèyàn ni ó ń jẹ́rìí sí ibi tí ọ̀nà já sí.

Iṣẹ́ kù fún àwa olùkọ́ èdè. "Gbọ́dọ̀" tiwa ní ìtumọ̀ méjì: nínú "ta ni ó gbọ́dọ̀ wí i?", ìgboyà ni, kì í ṣe ọ̀ranyàn. Bí a óò bá túmọ̀ irú ìlànà wọ̀nyí sí Yorùbá, a ní láti kọ́kọ́ fi ààlà sí i. Bí ògbufọ̀ bá fi "yẹ kí" rọ́pò rẹ̀, ojúṣe ti di ìmọ̀ràn. Iṣẹ́ lè sọnù lọ́nà, a kò sì ní rí ẹni tí a óò bi.