Meier: Orúkọ Iṣẹ́ Kan àti Ìtàn Rẹ̀ ní Ilẹ̀ Jámánì

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí Yorùbá bá gbọ́ Àyàndélé, ìdílé onílù ni ọkàn rẹ̀ yóò lọ. Bí ó bá gbọ́ Ọdẹ́wálé, yóò ronú kan àwọn ọdẹ. Ó rọrùn láti fi ojú yìí wo orúkọ ìdílé àwọn ará Jámánì tí ó jẹ mọ́ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìtàn orúkọ kan, Meier, fi hàn pé iṣẹ́ tí orúkọ ń sọ kì í fi gbogbo ìgbà tọ́ka sí ìran tí ẹni tí ń jẹ́ ẹ ti wá.

Láti inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Maior túmọ̀ sí ẹni tí ó ju àwọn yòókù lọ. Láyé àtijọ́, ọba, àwọn ìjòyè àti Ìjọ Àgùdà ni wọ́n ni àwọn oko ńláńlá. Meier ni ìríjú tí ń bójú tó irú oko bẹ́ẹ̀: òun ní ń pín iṣẹ́ fún àwọn àgbẹ̀, òun ní ń gba ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn onílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi oko wọn fún àwọn àgbẹ̀ dá. Meier wá di orúkọ àgbẹ̀ tí ó gba ilẹ̀ ńlá. Ẹni tí ń gba ìṣákọ́lẹ̀ di ẹni tí ń san án.

Bí àdúgbò ti yàtọ̀ ni àkọtọ́ yàtọ̀. Meyer pọ̀ ní àríwá, Mayr sì jẹ́ ti Bavaria àti Ọ́stríà. Òfin ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú ti ọdún 1875 mú kí àkọtọ́ ìdílé kọ̀ọ̀kan túbọ̀ fìdí múlẹ̀.

Ní Westphalia láyé àtijọ́, oko ní ń sọ ènìyàn lórúkọ. Ọkùnrin tí ó bá fẹ́ obìnrin tí ó jogún oko a máa gba orúkọ oko náà, àwọn ọmọ wọn a sì máa jẹ́ ẹ. Nípa bẹ́ẹ̀, ènìyàn lè di Meyer láìjẹ́ pé baba rẹ̀ jẹ́ Meyer.

Àwọn Júù náà ń jẹ́ Meyer, ṣùgbọ́n orúkọ Hébérù ni, Meir, ẹni tí ń tan ìmọ́lẹ̀, ni ó sábà jẹ́ orísun tiwọn. Ní 1787, Joseph Kejì pàṣẹ pé kí àwọn Júù ilẹ̀ Habsburg ní orúkọ ìdílé tí kò ní yí padà. Prussia ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 1812. Báyìí ni orúkọ baba ṣe lè di orúkọ ìdílé, tí Meir sì di Meyer.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1938, ìjọba Hitler pàṣẹ pé kí ọkùnrin Júù fi Israel, kí obìnrin sì fi Sara kún orúkọ rẹ̀, àfi bí ó bá ti ń jẹ́ orúkọ tí ìjọba kà sí ti Júù. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ ìdílé tó láti ya Meyer Júù sọ́tọ̀ kúrò lára Meyer Kristẹni, ìjọba náà kì bá tí nílò irú àṣẹ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ nìkan kò tó láti fi kọ ìtàn ìdílé. Ó yẹ kí òǹkọ̀tàn béèrè ibi tí orúkọ náà ti di ti ìdílé, ìgbà tí ó di tiwọn, àti bóyá ipò, oko tàbí baba ni ó fún wọn.