Ewéko Ẹ̀yìnkùlé Tí A Lè Fi Bọ́ Ìjàpá, àti Èyí Tí Ó Léwu

Nínú àlọ́ àwọn baba ńlá wa, wọ̀bìà ni Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ṣùgbọ́n ọgbọ́n rẹ̀ ni ó máa ń yọ ọ́ nínú ewu. Ti ìjàpá tí à ń sìn nínú ọgbà kò rí bẹ́ẹ̀. Kò ní igbó tí yóò ti yan oúnjẹ. Ohun tí a bá gbé síwájú rẹ̀, tàbí ohun tí ó bá hù nítòsí rẹ̀, ni yóò jẹ. Ọwọ́ ẹni tí ó ń sìn ín ni ẹ̀mí rẹ̀ wà.

Ọ̀pọ̀ olùgbé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni kò tíì gbàgbé Alágbà, ìjàpá ààfin Ṣọ̀ún ti Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2019. Ààfin kéde pé ó ti lo ọdún 344 láyé. Àwọn onímọ̀ nípa ẹranko kan jiyàn iye ọdún yìí, ṣùgbọ́n ìjàpá tí a bá tọ́jú dáadáa lè lo àádọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oúnjẹ tí ó tọ́ wà lára ohun tí ń mú un pẹ́ láyé, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ni èpò tí a ń tu dànù ní ẹ̀yìnkùlé.

Òfin kan ni kí ẹ fi sọ́kàn: ewéko tí ẹ kò bá dá mọ̀ dájú, ẹ má ṣe fi bọ́ ìjàpá.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ìjàpá tí ẹ ń sìn

Ẹ̀yà méjì ni ó wọ́pọ̀ láàrin wa. Èkínní ni èyí tí ó ń tóbi gan-an, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí iyanrìn, tí ó sì ní ẹ̀gún líle ní itan. Ilẹ̀ gbígbẹ apá òkè ni ó ti wá. Koríko ni ó yẹ kí ó pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀. Èso dídùn àti ẹran kò bá a lára mu. Èkejì ni ìjàpá igbó tiwa, tí kò tóbi, tí igbá ẹ̀yìn rẹ̀ ní oríkèé tí ó fi ń pa á dé. Yàtọ̀ sí ewé, èyí a máa jẹ olú, èso tí ó já sílẹ̀, kòkòrò àti ìgbín kéékèèké. Ewé nìkan kò tó o.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe lọ mú ìjàpá nínú igbó wá sílé. Àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí wà lábẹ́ ààbò àdéhùn àgbáyé CITES, èyí tí Nàìjíríà fọwọ́ sí.

Àwọn tí kò léwu

- Koríko: gbági àti àwọn koóko mìíràn tí ewé wọn tẹ́ẹ́rẹ́. Ìjàpá ńlá lè jẹ èyí lójoojúmọ́.
- Yánrin: ewé rẹ̀ gùn, etí rẹ̀ rí págunpàgun, ó sì ń tò yí ká ìdí rẹ̀ nílẹ̀. Òdòdó rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú bí ìyeyè.
- Tridax procumbens: èpò tí àwọn tí ń sin ehoro mọ̀ dáadáa. Ó ń fà nílẹ̀, ewé rẹ̀ ní irun. Òdòdó kan ṣoṣo ni ó máa ń wà lórí igi gígùn tẹ́ẹ́rẹ́. Àárín rẹ̀ dà bí àwọ̀ ìyeyè, etí rẹ̀ sì funfun.
- Yúnyún: ewé rẹ̀ le kankan lọ́wọ́, òdòdó rẹ̀ sì dà bí oòrùn kékeré.
- Rinrin: ó ń hù sí ìdí ògiri níbi tí ó tutù. Igi rẹ̀ rọ̀, ó sì kún fún omi; ewé rẹ̀ rí bí ọkàn.
- Ewé ọ̀dùnkún: ẹ fún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má ṣe fi ewéko kan ṣoṣo bọ́ ọ láti òní dé ọ̀la. Ẹ pa á pọ̀ mọ́ra, kí àǹfààní ìkan lè dí àléébù èkejì.

Àwọn tí a gbọ́dọ̀ fi ìwọ̀n sí

Gbúre, pápásan àti tẹ̀tẹ̀ jẹ́ ẹ̀fọ́ tiwa, èyí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kò sí ewu níbẹ̀. Wọ́n ní èròjà kan tí ó máa ń gba kálísíọ́ọ̀mù mọ́ ara lọ́wọ́, kálísíọ́ọ̀mù yìí sì ni igbá ẹ̀yìn ìjàpá fi ń le. Àwa máa ń bọ ẹ̀fọ́ wọ̀nyí, a ó sì fún omi rẹ̀ dànù; ìjàpá ń jẹ ẹ́ ní tútù. Bí ó bá jẹ́ òun nìkan ni ó ń jẹ, igbá ẹ̀yìn rẹ̀ lè rọ̀ tàbí kí ó wọ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ láàrin oúnjẹ mìíràn ti tó. Èèpo ẹyin tí a gún kúnná, tí a wọ́n sórí ewé, dára, bẹ́ẹ̀ ni kí ìjàpá máa rí oòrùn àárọ̀.

Àwọn tí ó léwu

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìjàpá dé ibi tí ìwọ̀nyí bá wà: lápálápá, lárà, bọmubọmu, apíkán, ẹ̀wọ̀n adẹ̀lẹ̀, imí-eṣú, àti ewé Akíntọ́lá. Ewé ẹ̀gẹ́ tútù ní májèlé nínú. Ewé kókò tútù a sì máa jó ẹnu àti ọ̀fun.

Àwọn tí a máa ń ṣì mú

Èpò kékeré kan wà tí ó ń tẹ́ nílẹ̀ bíi pápásan, ṣùgbọ́n tí ó ní oje funfun. Ẹ ṣẹ́ igi rẹ̀ wò. Omi lásán ni yóò jáde lára pápásan, ewé rẹ̀ sì nípọn. Bí oje funfun bá jáde, ẹ jù ú nù. Yánrin náà ní oje funfun, nítorí náà ewé àti òdòdó rẹ̀ ni kí ẹ fi dá a mọ̀.

Imí-eṣú tí kò tíì tanná lè jọ Tridax. Ẹ fọwọ́ ra ewé rẹ̀: imí-eṣú ní òórùn líle. Òdòdó rẹ̀ wẹ́wẹ́, ó sì ń ṣù pọ̀, ní àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́ tàbí funfun. Bí iyèméjì bá wà, ẹ dúró títí yóò fi tanná.

Ibi tí a ti já a

Ewé tí kò léwu lè di májèlé bí a bá ti fín oògùn apakoríko sí i. Ẹ má ṣe já ewé létí títì, lẹ́bàá gọ́tà, lórí ààtàn, tàbí nínú ọgbà aládùúgbò tí ẹ kò bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi omi ṣan ewé kí ẹ tó gbé e kalẹ̀.

Bí ìjàpá bá jẹ ohun tí kò yẹ

Bí ó bá kọ oúnjẹ, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ó ń ṣu omi tàbí tí kò lè gbé ara rẹ̀ nílẹ̀, ẹ má ṣe rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko láìjáfara, kí ẹ sì mú ẹ̀ka ewéko tí ó jẹ dání. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn wà ní ìpínlẹ̀ wa. Ẹ sì lè bèèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ní ìjọba ìbílẹ̀ yín nípa dókítà tí ó súnmọ́ yín.

Kí ẹ tó tu èpò ẹ̀yìnkùlé yín dànù ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ mọ mẹ́ta péré nínú àwọn tí kò léwu ná, kí ẹ sì máa fi ìkọ̀ọ̀kan kún un.