King's College Èkó: Ilé-ẹ̀kọ́ Ìjọba àti Ibùsùn Àwọn Ọmọ Rẹ̀

Ní Gulfton, ní ìlú Houston, níbi tí àwọn ilé àyágbé púpọ̀ tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1960 àti 1970 ti di ibùgbé àwọn àjèjì láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, ọmọ tó bá jáde lọ sí ilé-ìwé ìjọba láàárọ̀, ọ̀dọ̀ òbí rẹ̀ ni yóò padà sùn lálẹ́. Bí Yorùbá kan níbẹ̀ bá ń sọ fún ọmọ rẹ̀ nípa ilé-ìwé ìjọba tí à ń sùn tí à ń jí, ó dára kí ó lè ròyìn King's College ti Èkó Àkéte, ilẹ̀ ọgbọ́n.

Ọwọ́ àwọn ìjọ Kírísítẹ́nì ni ilé-ìwé girama wà ní Èkó tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 1859 ni CMS Grammar School ti wà, Thomas Babington Macaulay sì ni ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí ó di 1908, Henry Carr, ọ̀mọ̀wé tí ìwé kún ilé rẹ̀ dẹ́nu, tí ó ń ṣe adelé ọ̀gá ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, gbé àbá kan síwájú Gómìnà Walter Egerton, pé kí ìjọba dá ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀, èyí tí kò ní bá àwọn míṣọ́nnárì du iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n tí yóò mú ọmọ dé ibi ìdánwò àtiwọ Yunifásítì London.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án 1909, ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣí, ọmọ mẹ́wàá péré sì wọlé. Ilé náà àti ohun-èlò inú rẹ̀ gba £10,001. Kíláàsì mẹ́jọ ni ó ní, yàrá ìmọ̀ kẹ́míkà kan, ọ́fíìsì kan, àti gbọ̀ngàn tí 300 ènìyàn lè jókòó sí. Gbọ̀ngàn ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn fún ọmọ mẹ́wàá! Ṣùgbọ́n ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ni í ti í ṣẹnu ṣámúṣámú: nínú mẹ́wàá náà ni Isaac Ladipo Oluwole, ọmọ adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó di dókítà àgbà fún ìmọ́tótó ìlú Èkó, àti James Churchill Vaughan, dókítà tí ó wà lára àwọn tí ó dá Lagos Youth Movement sílẹ̀ ní 1934.

Ọdún 1944 ni ó yẹ kí a dúró sí pẹ́. Ogun Hítílà ń lọ lọ́wọ́, ìjọba sì gba ilé tí àwọn ọmọ ń sùn fún àwọn ṣọ́jà, wọ́n kó àwọn ọmọ lọ sí àwọn ilé tí kò yẹ láàárín ìgboro. Ẹni tí kò gbé bọ́dìn rí lè rò pé ọ̀rọ̀ ibùsùn kò tó ìjà. Ọmọ bọ́dìn mọ̀ pé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì òun ni ilé òun: ibẹ̀ ni àpótí wà, abẹ́ rẹ̀ ni bàtà wà, ibẹ̀ ni ó ń sá sí bí ọkàn ilé bá ń fà á. Àwọn ọmọ náà yanṣẹ́ lódì. Wọ́n kó wọn lọ sí kóòtù, wọ́n sì fi tipátipá sọ mẹ́jọ nínú wọn di ṣọ́jà. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́jọ náà kú. Ìwà ìkà gbáà ni èyí, bí ó ti wù kí ogun le tó.

Ṣùgbọ́n ibi tí a ní kí gbégbé má gbé, ibẹ̀ ní í gbé. Inú bí ìlú. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, Nigerian Union of Students pe ìpàdé ńlá sí gbọ̀ngàn Glover. Láti ibẹ̀, nígbà tí ó di oṣù Kẹjọ, ẹgbẹ́ òṣèlú tí a wá mọ̀ sí NCNC ti dúró, Herbert Macaulay, ọmọ ọ̀gá CMS Grammar School tí a dárúkọ lókè, di ààrẹ rẹ̀, Nnamdi Azikiwe sì di akọ̀wé àgbà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì nìkan ni ó bí NCNC, nítorí ó ti pẹ́ tí Azikiwe ti ń pe àwọn ẹgbẹ́ kí wọ́n fìmọ̀ ṣọ̀kan. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ó ta àwọn àgbà jí.

Láti ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni Adetokunbo Ademola, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di Adájọ́ Àgbà, àti Simeon Adebo, tí ó ṣe olórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ti jáde. Queen's College, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ti bẹ̀rẹ̀ láti 1927. Ìjọba àpapọ̀ ni ó ń ṣàkóso méjèèjì lónìí, King's College sì ti ní ẹ̀ka kan ní Victoria Island. Ilé àtijọ́ ṣì wà ní Erékùṣù Èkó, ó dojú kọ pápá eré ẹṣin ìgbà náà, èyí tí à ń pè ní Tafawa Balewa Square, níbi tí wọ́n ti sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀ tí wọ́n sì gbé ti Nàìjíríà sókè ní òru mọ́jú ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1960.