Údádì: Ọ̀rọ̀ Kan Nínú Ìtàn Ọdẹ Aṣálẹ̀ Sàhárà

Nínú ọ̀rọ̀ ẹranko tí àwọn Yorùbá-Nàgó ń lò, àgùntàn kò ní ìbátan kankan nínú igbó. Ewúrẹ́ ní èkìrì, tí àwọn ìwé atúmọ̀ èdè ń pè ní ewúrẹ́ igbó. Ẹlẹ́dẹ̀ ní ìmàdò àti túùpú. Ṣùgbọ́n àgùntàn àti àgbò, ẹran ilé pátápátá ni wọ́n. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: ilẹ̀ Áfíríkà kò ní àgùntàn igbó tòótọ́ tirẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ìwọ̀-oòrùn Éṣíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ àgùntàn di ẹran ọ̀sìn. Láti ibẹ̀ ni ó ti gba apá àríwá wọ ilẹ̀ Áfíríkà, kí ó tó sọ̀kalẹ̀ dé ọ̀dàn wa.

Ìṣòro wá dé bá ẹni tí ó ń túmọ̀ ìwé kíkà láti inú èdè Faransé nígbà tí ó bá pàdé ẹranko tí Faransé ń pè ní mouflon à manchettes. Bí ó bá kọ «àgùntàn igbó», òǹkàwé ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ yóò rò pé àgùntàn ẹnìkan ni ó já okùn tí ó sì sá wọ igbó. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ẹranko náà àti ìtàn rẹ̀.

Àwọn Berber ni wọ́n ń pè é ní udad. Láti ẹnu wọn ni àwọn ará Yúróòpù ti mú aoudad. Orí òkè olókùúta inú Sàhárà ni ó ń gbé: Ahaggar àti Tassili ní Àlgéríà, Acacus ní Líbíyà, Aïr ní Nìjẹ̀r, àti àwọn òkè mìíràn bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí iyanrìn. Irun gígùn ń wọ́ láti ọ̀fun rẹ̀ lọ sí àyà, ó sì bo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti iwájú bí ẹni pé ó wọ aṣọ alápá gígùn. Akọ ní ìwo, abo náà ní ìwo. Omi díẹ̀ ti tó o, nítorí ewé àti ìrì ń fún un ní èyí tí ó nílò. Bí ó bá fura, kì í tètè sá. Yóò dúró gbọn-in láàárín òkúta, ọdẹ tí ojú rẹ̀ kò mú yóò sì kọjá lọ. Pallas, onímọ̀ ẹranko, ni ó kọ orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ sílẹ̀ ní 1777. Àwọn onímọ̀ fi í sí ìdílé tirẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n sì rí i pé ó sún mọ́ ewúrẹ́ ju àgùntàn lọ. Ewúrẹ́ wa sún mọ́ ọn, nígbà náà, ju àgbò wa lọ.

Ibi tí ìtàn rẹ̀ ti lágbára jù ni ihò àpáta Uan Afuda, ní òkè Acacus. Nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní 2001, Savino di Lernia ṣàlàyé ohun tí wọ́n hú jáde níbẹ̀: ìgbẹ́ ẹran tí ó nípọn, tí ẹsẹ̀ ẹran ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, pẹ̀lú koríko àti ewéko tí ènìyàn kó wá láti ìta. Ó ti ju 8000 ọdún lọ, nígbà tí Sàhárà ṣì ní koríko àti omi, kò sì tíì sí màlúù tàbí àgùntàn Éṣíà ní agbègbè náà. Ìgbẹ́ údádì ni. Ohun tí di Lernia rí fà yọ ni pé àwọn ọdẹ ń mú údádì láàyè, wọ́n ń sé e mọ́ inú ihò, wọ́n sì ń já koríko fún un kí ẹran má baà wọ́n wọn nígbà ọ̀dá.

Àwọn ìwé ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ràn láti kọ́ ọmọ pé ọdẹ ni ó ṣáájú, darandaran tẹ̀ lé e, bí ẹni pé ilẹ̀kùn kan ti kí òmíràn tó ṣí. Uan Afuda kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọdẹ ni wọ́n, síbẹ̀ wọ́n ń bọ́ ẹran. Wọn kò sì sọ údádì di ẹran ilé rárá; nígbà tí màlúù àti àgùntàn dé, wọ́n jẹ́ kí ó padà di ẹran igbó, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà títí di òní.

Lọ́dọ̀ àwọn Tuareg ti Ahaggar, ajá ni olórí ohun èlò ọdẹ yìí. Henri Lhote kọ ìwé kan lórí ọdẹ àwọn Tuareg ní 1951. Ajá á lé údádì gun òkè, títí ẹran á fi dúró lórí etí àpáta tí kò ti sí ọ̀nà mọ́. Nígbà náà ni ọdẹ á gòkè lọ bá a pẹ̀lú ọ̀kọ̀. Ó rọrùn láti rí ìdí tí irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ fi yẹ ẹni méjì tí wọ́n mọwọ́ ara wọn. Ẹni tí ó ń sá tẹ̀ lé ajá kò lè ṣọ́ ọ̀nà tí ẹran lè gbà sọ̀kalẹ̀, ẹni tí ó sì ń ṣọ́ ọ̀nà kò lè rí ohun tí ajá rí. Ọdẹ Kétu tí ó ti ṣọdẹ ní ọ̀dàn gbalasa lẹ́yìn iná ọyẹ́ kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí.

Àwọn ọ̀rẹ́ méjì mìíràn tún wà nínú ìtàn Ahaggar, ọ̀rọ̀ ni wọ́n sì ń ṣọdẹ ní tiwọn. Charles de Foucauld dé Tamanrasset ní 1905. Ní 1906, Motylinski, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó mọ èdè Berber dáadáa, wá bá a, wọ́n sì jọ bẹ̀rẹ̀ sí kó èdè àwọn Tuareg jọ láti ẹnu àwọn tí ń sọ ọ́. Motylinski kú ní 1907. Nígbà tí ìwé gírámà, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ àti àkójọ ọ̀rọ̀ jáde ní 1908, orúkọ Motylinski nìkan ni ó wà lórí rẹ̀, nítorí Foucauld kò fẹ́ kí wọ́n fi ti òun sí i. Wọ́n pa Foucauld ní December 1, 1916. Ìwé atúmọ̀ èdè ńlá tí ó fi sílẹ̀ jáde ní ìdìpọ̀ mẹ́rin ní 1951 àti 1952. Sójà ni Foucauld ti jẹ́ rí, kò sì ya ara rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gágun amúnisìn: kò yẹ kí a fi èyí pamọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìwé náà, àwọn ọ̀rọ̀ ẹran, ìwo, ipa ẹsẹ̀ àti àpáta wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ wọ́n nígbà tí ọ̀kọ̀ àti ajá ṣì ń ṣiṣẹ́.

Àsìkò yẹn kò pẹ́ mọ́. Ìbọn àti mọ́tò dé aṣálẹ̀, údádì sì dín kù gan-an. Ó wà lára àwọn ẹranko tí ewu ìparun ń dojú kọ. Nìjẹ̀r ya Aïr àti Ténéré sọ́tọ̀ fún ààbò ẹranko ní 1988, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé ní 1991. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ní Amẹ́ríkà, níbi tí kò ti sí i rí, ó pọ̀. Wọ́n tú u sílẹ̀ ní New Mexico ní 1950, àti ní Palo Duro ní Texas ní 1957 àti 1958. Ní ilẹ̀ gbígbẹ onígi kéékèèké yẹn, ọ̀rẹ́ méjì a máa jáde lọ ṣọdẹ rẹ̀ fún ìgbádùn, àwọn aláṣẹ ibẹ̀ sì ń bẹ̀rù pé yóò gba oúnjẹ mọ́ àgùntàn igbó tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà lẹ́nu.

Fún ìwé kíkà tiwa, ó dára kí a kọ údádì, kí a sì fi gbólóhùn kan ṣàpèjúwe rẹ̀, ju kí a dá «àgùntàn igbó» sílẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ wà nílé. Kétu tí ìtàn rẹ̀ sọ pé ọdẹ ni ó mọ ọ̀nà dé ibi tí Ọba Ede tẹ̀ dó sí, Kétu tí àwọn ọmọ rẹ̀ ní Brazil ń pe Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ní ọba rẹ̀, kò yẹ kí ó pàdánù ọ̀rọ̀ ọdẹ rẹ̀. Kí olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà bèèrè ohun tí èkìrì jẹ́ gan-an ní abúlé tirẹ̀, nítorí ẹranko kan lè ní orúkọ méjì, orúkọ kan náà sì lè jẹ́ ti ẹranko méjì láti ìlú kan sí èkejì. Kí ó bèèrè orúkọ ipa ẹsẹ̀ titun àti ti àná, orúkọ ibùba, orúkọ tí a ń pe ẹran tí ọta bà tí kò kú. Kí ó sì jẹ́ kí àwọn ọdẹ méjì tí wọ́n ti jọ ń ṣọdẹ jókòó papọ̀ dáhùn: èyí tí ọ̀kan bá gbàgbé, èkejì á rán an létí, àríyànjiyàn wọn náà yóò sì wúlò fún ẹni tí ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.