Àgbàdo Ò Parọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ẹ bá bó àgbàdo, tí ẹ rí hóró funfun tó ní àmì àlùkò tóótòòtó lára, kí lẹ máa ṣe? Èmi ò ní tàn yín, màá sè é jẹ ni. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà ní Amẹ́ríkà tó jókòó ti irú àgbàdo bẹ́ẹ̀, tó ń bi í léèrè ọ̀rọ̀. Àgbàdo dá a lóhùn, àmọ́ ó pẹ́ kí ayé tó gbà á gbọ́. Barbara McClintock lorúkọ rẹ̀.

Ìlú Hartford ni wọ́n ti bí i ní 1902. Dókítà ni bàbá rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ lọ sí yunifásítì, ìyá rẹ̀ kò fẹ́. Ẹ̀rù ń bà á pé ọmọbìnrin tó bá kàwé jù ò ní rọ́kọ fẹ́. (Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ṣé ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí wa ni?) Bàbá ló ní kó máa lọ. Ó wọ Cornell ní 1919, ó sì gboyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní 1927.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé díẹ̀. Krómósómù ni àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Orí wọn ni jíìnì tí a jogún lọ́dọ̀ òbí tò sí bí ìlẹ̀kẹ̀. Oríṣi mẹ́wàá ni àgbàdo ní, méjì-méjì. Ní 1929, McClintock tẹ ìwádìí jáde tó fi hàn bí èèyàn ṣe lè dá ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀ lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ní 1931, òun àti Harriet Creighton fi hàn pé nígbà tí àbùdá òbí bá ń lúra wọn, àwọn krómósómù ń já ara wọn, wọ́n sì ń fún ara wọn ní apá kan. Tẹ́lẹ̀, àwọn èèyàn kàn ń rò ó ni. Wàyí o, ojú ti rí i.

Ní 1941 ó dé Cold Spring Harbor ní New York, ó ń gbin àgbàdo tirẹ̀. Ó wá kíyè sí i pé krómósómù kẹsàn-án máa ń kán, ojú kan náà ló sì ti ń kán. Ó pe ohun tó wà lójú ibẹ̀ ní Ds. Ds ò lè ṣe nǹkan kan àfi tí ẹnìkejì rẹ̀ tó ń jẹ́ Ac bá wà nítòsí. Nígbà tó yá, ìyàlẹ́nu dé: Ds ti kúrò níbi tó wà, ó ti lọ síbòmíràn!

Ibẹ̀ ni àlàyé àmì tóótòòtó yẹn wà. Bí Ds bá fò wọ inú jíìnì tó ń fún hóró láwọ̀, iṣẹ́ jíìnì náà dàrú, hóró á wà láìláwọ̀. Bí hóró ṣe ń dàgbà, tí Ds bá jáde nínú sẹ́ẹ̀lì kan, jíìnì náà á padà sẹ́nu iṣẹ́, gbogbo sẹ́ẹ̀lì tí ìyẹn bá bí á sì láwọ̀. Tó bá tètè jáde, àmì ńlá. Tó bá pẹ́, àmì kékeré.

Ní 1951 ó gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ ò lóye rẹ̀. Wọ́n gbà pé ojú kan ni jíìnì ń jókòó sí, bí ilé lójú títì. Àwọn kan máa ń sọ ìtàn yìí bíi pé wọn ò mọ obìnrin yìí rí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó ti wọ National Academy of Sciences ní 1944, ní 1945 ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ààrẹ Genetics Society of America. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n bọ̀wọ̀ fún un, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò wọ̀ wọ́n létí. Èyí gan-an ló dùn mí jù.

Lẹ́yìn 1953, ó dín ohun tó ń tẹ̀ jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí kù, ṣùgbọ́n kò dẹ́kun iṣẹ́. Láti 1957, òun àtàwọn mìíràn ń wo krómósómù àgbàdo ìbílẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà, láti mọ bí irúgbìn náà ṣe yàtọ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn àti ọ̀nà tí àwọn èèyàn gbé e gbà.

Lópin àwọn ọdún 1960, àwọn mìíràn rí ohun tó ń fò bẹ́ẹ̀ nínú bakitéríà. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n rí i pé jíìnì tó ń jẹ́ kí bakitéríà borí oògùn wa náà máa ń fò. Lónìí, a mọ̀ pé nǹkan bí ìdajì gbogbo àbùdá tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì èèyàn ló wá láti ara irú nǹkan wọ̀nyí. Gbogbo èrò McClintock kọ́ ni wọ́n gbà o: ó rò pé àwọn nǹkan yìí ló ń darí bí ẹ̀dá ṣe ń dàgbà, ìyẹn ò fẹsẹ̀ múlẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Ṣùgbọ́n fífò tó ní wọ́n ń fò, òótọ́ ni.

Ní 1983 wọ́n fún òun nìkan ní ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ìṣègùn, obìnrin àkọ́kọ́ tó dá a gbà. Ọmọ ọdún 81 ni. Ó kú ní 1992.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, láàárín 1951 sí 1983, ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni. Ṣé àwa tí ara wa kì í gbà á tí olùkọ́ bá fa igi pupa sórí iṣẹ́ wa lẹ́ẹ̀kan, ṣé a lè dúró tó bẹ́ẹ̀? Èmi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí àgbàdo tuntun bá dé, màá kọ́kọ́ wò ó dáadáa kí n tó gé e jẹ.